Ìwé ọjọ́: bí télọ̀ ṣe lè ránṣọ, kó tọ́mọ, kó sì tún ráyè ta ayò

Gbogbo télọ̀ ló ní ìwé ìwọ̀n: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ìwé kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní. Ìwé ọjọ́ ni mò ń pè é. Ìwé ìwọ̀n ń sọ bí ara kọ́sítọ́mà ṣe tó, ìwé ọjọ́ ń sọ ibi tí agbára tèmi mọ. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni bàbá wọn, mo sì fẹ́ràn ayò gan-an. Ayò ọlọ́pọ́n ni mo wí o, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Tí mo bá sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé mo ń ráyè fún gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní irọ́ télọ̀ ni mò ń pa fún télọ̀ bíi tèmi. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí iná ṣọ́ọ̀bù máa tàn di aago méjì òru mọ́jú Sátidé, kí àwọn ọmọ ti sùn lọ sórí àjákù aṣọ.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọjọ́ tí a gba aṣọ ni a ti ń pàdánù alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Bí ẹnu wa bá ti sọ pé "ẹ wá gbà á lọ́jọ́bọ̀" láìwo ìwé kankan, a ti ta alẹ́ ọmọ wa nìyẹn, a sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá ń wá àyè fún ilé àti fún fàájì, ibi tábìlì tó ti ń gba aṣọ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa la ìwé náà

Ẹ ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Dáyárì kò dára tó, ojú ewé rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n jù lóṣù Ṣẹ́rẹ́. Ojú ewé méjì tó kọjú síra ni kí ẹ fi ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi rúlà pín in sí ọ̀nà méje, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú.

Kí orúkọ kọ́sítọ́mà kankan tó wọ ibẹ̀, bíírò pupa ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi kọ gbogbo wákàtí tí ẹ ò ní ránṣọ. Bí tèmi ṣe rí nìyí: aago méjì sí mẹ́ta ààbọ̀ lójoojúmọ́ tí ilé-ìwé bá ti wọlé, ti àwọn ọmọ ni, alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi bá ti ọ̀nà Kánò dé, ti òun ni, ọjọ́ Àìkú láti aago mẹ́rin, ayò. Ìpàdé òbí àti olùkọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìpàdé ẹgbẹ́ télọ̀, ọjọ́ tí ẹ ti gbọ́ ọ ni kí ẹ ti fi pupa kọ ọ́. Àwọn kan máa ń fi ilé sí ibi tí iṣẹ́ bá ṣẹ́kù sí. Iṣẹ́ kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Ẹ jẹ́ kí pupa kọ́kọ́ jókòó, kí iṣẹ́ wá wá ibi tó máa jókòó sí.

Ó wá kan kíka ọwọ́, ibẹ̀ sì ni a ti ń tan ara wa jù. Ẹ bi télọ̀ pé báwo ni ìró àti bùbá ṣe ń pẹ́ tó, á ní, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí máṣíìnì nìkan ló kà. Kò ka ara wíwọ̀n. Kò ka wíwo àwòrán sítáì márùn-ún tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n ní ká mú ọrùn èyí, ká mú apá tọ̀hún. Kò ka gígé, kò ka wíwá òwú tó bá àwọ̀ lésì mu, kò ka wíwívìn (fífi máṣíìnì dí etí aṣọ kó má baà tú), síìpù, aṣọ lílọ̀, wíwọ̀ ọ́ wò, àti títú ibi tó fún. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara yín. Ẹ kọ aago tí ẹ fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ àti aago tí ẹ gbé e kọ́. Ẹ ṣe é fún oríṣi aṣọ mẹ́rin tí ẹ ń rán jù lọ, iye tí ẹ máa rí á yà yín lẹ́nu.

Èmi kì í ka aṣọ ní ẹyọ, ojú ni mo fi ń kà á. Ìró àti bùbá ańkárá lásán jẹ́ ojú kan. Gáùn ańkárá tó ní síìpù lẹ́yìn jẹ́ ojú kan ààbọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé jẹ́ ìdajì ojú. Lésì tó ní aṣọ abẹ́, tó ní kọ́sẹ́ẹ̀tì nínú, tí wọ́n tún fẹ́ ká lẹ òkúta dídán mọ́ láyà, ojú mẹ́rin ni, ẹni tó bá sì pè é ní méjì ló máa mọ̀ ọ́n lára. Aṣọ ìyàwó, èmi kì í gbà á rárá. Owó wà níbẹ̀, àmọ́ ìyá ìyàwó náà wà níbẹ̀.

Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì tí ọwọ́ wọn ti ń mọ́, ojú méjìlá lagbára wa lọ́sẹ̀. Mẹ́sàn-án ni mò ń gbà. Mẹ́ta tó ṣẹ́kù, mo fi í sílẹ̀ fún iná tí kò wá, fún máṣíìnì tó ń já òwú láìnídìí, fún òkú tó ṣẹ̀ ládùúgbò, fún ọmọ tí ibà mú. Lọ́sẹ̀ tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, a máa ń tètè tilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kì í ráhùn sí i.

Ọjọ́ gbígbà náà ní bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ má fi ọjọ́ ayẹyẹ ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé aṣọ, ẹ má sì fi ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ṣe é. Bí ayẹyẹ bá bọ́ sí Sátidé, ọjọ́ Ajé ni kí wọ́n wá wọ̀ ọ́ wò, kí wọ́n wá gbé e ní Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ á wà fún títún un ṣe bó bá fún níbì kan. Ọjọ́ méjèèjì ni kí ẹ kọ sójú ìwé, kí ẹ tún kọ ọ́ fún wọn sínú tákàdá kékeré, torí ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí lọ́dọ̀ télọ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ̀ láti gba iṣẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni jà

Èyí ló le jù. Ẹni tó gbé aṣọ wá lè jẹ́ Ìyá Ìjọ, ó lè jẹ́ Àlájà tó gba ọmọ yín wọlé lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹ ò lè dédé wí fún wọn pé "mi ò ráyè". Ẹ ṣí ìwé, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Èmi á kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ wò ó, ọ̀sẹ̀ yẹn ti kún. Bí ẹ bá lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí n kọ orúkọ yín síbẹ̀ báyìí. Bí kò bá lè dúró, mo mọ ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mú yín lọ."

Kí wọ́n sì mú wọn lọ lóòótọ́. Ẹ wá télọ̀ méjì tí ẹ fọkàn tán, kí ẹ jọ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba kọ́sítọ́mà àwọn. Wọ́n lè gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà tí ẹ rọ́ irọ́ "ọ̀la ni, mà" fún lẹ́ẹ̀mẹrin ti lọ tipẹ́, kò kàn tíì sọ fún yín ni.

Àwọn kan á sọ pé, "Ṣebí èmi ni, ṣáà bá mi tì í sáàárín." Ẹ bi wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín pé àárín èwo. Kò sí àárín kankan nínú ìwé yẹn tí kò ní olówó. Mo máa ń fi ìka tọ́ka sí pupa, màá ní, "Ibí yìí ni mo ti ń bá àbúrò yín ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mà." Ojú á tì wọ́n díẹ̀. Kò burú.

Ti ẹbí ọkọ, ẹ jẹ́ kí ọkọ sọ ọ́. Ìyàwó tó bá fẹnu ara rẹ̀ kọ aṣọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, wọ́n á fi í ṣe ọ̀rọ̀ sọ dé ọdún tó ń bọ̀. Ọkọ mi mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé náà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè é, á ní, "Sistá mi, ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ibi tí ìwé dé." Tí òun bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Owó náà wà ńbẹ̀. Ẹni tí kò bá san ìdajì kò lórúkọ nínú ìwé. Aṣọ rẹ̀ lè wà nínú báàgì lábẹ́ tábìlì, ìyẹn kò sọ ọ́ di iṣẹ́.

Ọdún àti aṣọ ẹbí

Kérésì kì í kúrò níbi tó wà, gbogbo wa ló sì ń bá lójijì. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa pa ìwé dé sára ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà. Tèmi ni pé lẹ́yìn ọjọ́ 25 oṣù Bélú, a ò gba aṣọ Kérésì mọ́. Iléyá àti Ìtúnu Àwẹ̀ ló gba kí èèyàn là ojú. Òṣùpá ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ka oṣù, ọdún wọn sì fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ara ògiri lọ. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Òkúdù ni Iléyá. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù náà ni. Télọ̀ tó bá fi ti èṣí gbé tọdún yìí, ńṣe ló máa gbójú sókè tí á rí Àlájà lẹ́nu ọ̀nà. Yúnífọ́ọ̀mù ìbẹ̀rẹ̀ sáà ilé-ìwé náà ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, ẹ má gbàgbé.

Aṣọ ẹbí ni owó wà, òun náà ni wàhálà wà. Ogún obìnrin, lésì kan náà, ogún sítáì, Sátidé kan ṣoṣo. Tí ẹ bá máa gbà á, ẹ fún wọn lófin mẹ́ta. Ẹnì kan ni kó máa bá yín sọ̀rọ̀, kó sì máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo wọn. Sítáì mẹ́ta péré ni kí wọ́n yàn nínú rẹ̀. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn wá wọn ara. Ẹni tí kò bá wá, kó fi aṣọ kan tó bá a mu ránṣẹ́. Kí ẹ wá kà á dáadáa: ogún ìró àti bùbá jẹ́ ojú ogún, ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ fún ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, láìtíì gba aṣọ ẹlòmíì kankan. Bí wọ́n bá gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ kan sí ayẹyẹ, ẹ kí wọn kú orí ire, kí ẹ júwe ọ̀nà ibòmíì.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ máa ń gbẹ. Owó ilé-ìwé dé, kò sẹ́ni tó ń dá aṣọ tuntun. Ẹ dá àjọ, kí ẹ sì tètè bẹ olórí àjọ pé kí tiyín bọ́ sí Ṣẹ́rẹ́. Ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ṣẹ́rẹ́ ló máa gba gbogbo aṣọ tó bá rí ní Èrèlé, bíírò pupa á sì sọnù.

Iná, ilé, àti fóònù

Iná ìjọba kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá yín. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò lọ́dún 2023, kò sí télọ̀ kékeré tó lè máa tan jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ pín iṣẹ́ sí méjì: èyí tó nílò iná àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Gígé kò nílò iná. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kò nílò iná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi máṣíìnì oníná tàn yín tà á. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe àwọn wọ̀nyí. Kí ẹ kó gbogbo wíwívìn àti aṣọ lílọ̀ jọ fún wákàtí méjì, bóyá aago méjìlá sí méjì, kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún un tí iná ò bá sí, kí ẹ sì pa á. Bí iná bá wá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ kí i káàbọ̀, kí ẹ padà lọ sùn.

Máṣíìnì kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ lè wọlé, bíi títẹ etí aṣọ àti lílẹ òkúta. Èmi kò gbà. Abẹ́rẹ́ tó bá wọ yàrá ọmọ, ẹsẹ̀ ọmọ ló máa bá a. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú tí ń wo abẹ́rẹ́ kì í gbọ́ ìtàn tí ọmọ ń sọ. Mo lè dáhùn "ẹ̀n-ẹ́n" lẹ́ẹ̀mẹwàá kí n má mọ̀ pé tíṣà ti yí i níjòókòó padà.

Ti pé ọmọ ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé-ìwé, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ wá tábìlì kékeré fún wọn níbi tí abẹ́rẹ́ àti áyọ́ọ̀nù kò sí. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n ṣiṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Wákàtí kan ààbọ̀ yẹn wúlò ju odindi ìrọ̀lẹ́ tí ẹ wà nílé ṣùgbọ́n tí orí yín wà lábẹ́ lésì ẹlòmíràn.

Ẹ má sọ ọmọ iṣẹ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Mo mọ̀ pé láyé tiwa, a fọ aṣọ ọ̀gá, a pọnmi, a gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bóyá ó dára. Ẹ ṣáà ṣírò rẹ̀: ọmọ iṣẹ́ tó wà nílé yín tó ń fọ abọ́ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, bọ́tìnnì tó yẹ kó fi sí i ń dúró de ọwọ́ yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ kọ́ ọ níṣẹ́ kíákíá, ẹ̀yin lẹ máa jèrè rẹ̀.

Fóònù: ẹ ní síìmù ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀. Nínú WhatsApp Business, ibì kan wà tí ẹ lè kọ ìdáhùn sí, tí á máa dá àwọn èèyàn lóhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti tilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ ní ohùn tó ní ọ̀wọ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A ti tilẹ̀kùn, a máa dá yín lóhùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀." Kí ẹ wá tì í sí dúrọ́ọ̀, kí ẹ máa lọ sílé.

Ayò

Lọ́jọ́ Àìkú, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò wa kan, ni a ti ń ta ayò. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ihò méjìlá, mẹ́fà níwájú mi, mẹ́fà níwájú ẹnì kejì, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń ronú lórí aṣọ tí kò tíì parí á ṣì kà, òpè ni wọ́n sì máa pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: kò gba nǹkan míì láyè lórí. Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí ni obìnrin ń wá nídìí ọpọ́n. Àwọn tí mo ti jẹ ọmọ ayò wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ràn ni kí ẹ yàn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ní nǹkan méjì yìí. Àkọ́kọ́, kó jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sanwó fún. Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sínsín tàbí kéèkì yíyan, láàárín oṣù mélòó kan ẹnì kan á ní "bá mi ṣe tèmi", ẹ ti dá ṣọ́ọ̀bù kejì sílẹ̀ nìyẹn. Ìkejì, kó ní ẹni tó ń retí yín. Ẹni tó ní òun á kàn máa dá rìn lójoojúmọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kọ́sítọ́mà kan ṣoṣo ló máa dá a padà. Èmi, bí aago mẹ́rin bá kọjá díẹ̀ tí wọn ò rí mi, wọ́n á rán ọmọ wá pè mí, á sì pariwo orúkọ mi láti òpópónà.

Ẹ má gbé téèpù lọ síbẹ̀. Bàbá kan níbẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo ní, "Bàbá, ọjọ́ Ajé ni mo máa ń jẹ́ télọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ mí ní ihò mẹ́ta léraléra.

Tí ọ̀sẹ̀ bá dàrú

Ó máa dàrú nígbà míì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ti mọ̀, ẹ jókòó, ẹ ṣí ìwé, kí ẹ ya aṣọ sọ́tọ̀: èyí tó ní ọjọ́ ayẹyẹ àti èyí tí wọ́n kàn fẹ́ wọ̀. Ariwo ẹnu kọ́ ni kí ẹ fi pín in o, torí ẹni tó ń pariwo jù lè máà ní òde kankan tó ń lọ. Ẹ pe àwọn tí kò ní ayẹyẹ kí àwọn tó pè yín, kí ẹ fún wọn lọ́jọ́ tuntun lójú ẹsẹ̀. Bí ojú tó kù bá ṣì pọ̀, ẹ gbé díẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ méjì yẹn, kí ẹ sanwó rẹ̀ látinú àpò yín láìbá kọ́sítọ́mà sọ ọ́.

Wákàtí àwọn ọmọ ni kí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn. Ayò ṣeé ṣí nípò, àmọ́ kò ṣeé pa rẹ́: bí ọjọ́ Àìkú kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi pupa kọ ọ́ sí alẹ́ ọjọ́ míì nínú ọ̀sẹ̀ náà kí ẹ tó fàlà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá wá tẹ̀ léra tí ayò ń ṣí kiri, ojú mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù fún yín. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́jọ, kí ẹ sì fowó lé iye tí ẹ ń gbà lórí lésì.